Ẹnu Tí Ọwọ́ Òsì Yà

Ọjọ́ tí ọwọ́ ọ̀tún Pẹ́ńsù kú, oòrùn yọ dáadáa, àkùkọ kankan ò kọ lásìkò tí kò yẹ, ẹyẹ ò sì ké lórí òrùlé. Àwa tá a máa ń wá àmì ká tó gbà pé ibi ń bọ̀, ọjọ́ náà ì bá tàn wá jẹ. Àárọ̀ Sátidé ni. Ó ti jẹun, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ tán, ó wá wọ yàrá ẹ̀yìn tó sọ di ibi iṣẹ́, ó ká aṣọ kúrò lójú pátákó àwòrán kejìlélógún, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, ó sì gbé ọwọ́ sókè láti ya ẹnu sí ojú tó wà níbẹ̀.

Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Àwọn ìka ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣí wọn fún un. Èyí tó kéré jù ló kọ́kọ́ ṣí, àtàǹpàkò ló kẹ́yìn. Búrọ́ọ̀ṣì já bọ́. Ó he é, ó tún bọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, òtútù gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wọlé, kò sì jáde mọ́.

Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ti kú."

"Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já búrẹ́dì gbà mọ́ mi lẹ́nu yìí? Gbé korobá yẹn, jẹ́ n wò ó."

Ó gbé korobá omi sókè wẹ́rẹ́. Ó di ṣíbí mú. Ó di ìgbálẹ̀ mú. Nígbà tí obìnrin náà fi búrọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́, àwọn ìka tún ṣí, búrọ́ọ̀ṣì sì bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó já a léèékánná lẹ́yìn ọwọ́, ó ní ṣé ó dùn ún. Pẹ́ńsù ní ó dun òun. Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù ba àwọn méjèèjì.

*

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọkùnrin yìí fi wọṣọ ọlọ́pàá, kò sì lé olè kankan dé kọ̀rọ̀ rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó ti ẹni tí wọ́n ṣe ní jàǹbá, kó máa béèrè ojú aṣebi lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa yà á: iwájú orí, irun òkè ojú, ojú, imú, ẹnu, àgbọ̀n. Bó ṣe máa ń tò ó nìyẹn, kì í fo ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí gbogbo téṣàn fi sọ ọ́ ní Pẹ́ńsù. Nígbà tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó ní àwòrán lòun fẹ́ máa yà jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá Tábìlì, tí àga wọn jọ kọjú síra fún ọdún mẹ́wàá, ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ní, "Pẹ́ńsù, ṣé o fẹ́ máa ya oúnjẹ fún ìyàwó ẹ ni?"

Àwọn ẹbí náà ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹnì kan ṣoṣo ló tì í lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tísà Mọ́tò, torí òun ló kọ́ ìdajì ìlú ní mọ́tò wíwà. Òun ló tọ́ Pẹ́ńsù dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú. Òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí síléètì títí tó fi mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. "Lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Má jẹ́ kí ẹ̀bùn ẹ kú sínú dúrọ́ọ̀ ọlọ́pàá." Pẹ́ńsù sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì tijú.

Lọ́jọ́ tó dá aṣọ ìjọba padà, ó ṣe ohun kan tí ọlọ́pàá kì í ṣe. Ó ti tẹ ọwọ́ àìmọye èèyàn sínú yíǹkì, ó mọ ohun tí àmì ọwọ́ lè sọ èèyàn dà. Síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ọ̀dà búlúù, ó ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún gbogbo ẹni tó bá ní òun fẹ́ ìrántí. Èèyàn bíi mẹ́wàá ló gbà á. Ọ̀gá Tábìlì gba ọ̀kan, ó ní òun á fi máa dẹ́rù ba eku. Ẹ̀gbọ́n gba ọ̀kan, ó fi í sínú férémù.

Ìpàtẹ àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ wá ku ọ̀sẹ̀ kan, ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Ojú méjìlélógún ni yóò pàtẹ, gbogbo wọn ojú tó yà láti ẹnu ẹlòmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ ò rí rí. Mọ́kànlélógún ti parí. Èyí tó kù ni kò ní ẹnu. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mọ́tò kan gbá aránṣọ kan ní oríta. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú obìnrin náà dáadáa, ó padà sínú mọ́tò, ó sì lọ. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, obìnrin náà sọ iwájú orí fún Pẹ́ńsù, ó sọ ojú, ó sọ imú. Nígbà tó kan ẹnu, ó mí lẹ́ẹ̀kan, kò mí mọ́. Pẹ́ńsù ṣèlérí fún ọmọbìnrin aránṣọ náà pé lọ́jọ́ kan òun á parí ojú náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gbé ìdajì ojú yẹn kiri nínú orí. Àìpẹ́ yìí ló wá ń ṣe é bíi pé òun ti fẹ́ rí ìyókù.

*

Sátidé yẹn kan náà, nínú yàrá kan tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, ẹnì kan jókòó ti bébà kan. Ọwọ́ búlúù wà lójú bébà náà, ìka márùn-ún tó là gbayawu. Ẹni náà ti gé e yọ bí ẹní gé aṣọ, ó ti fi òwú dúdú we ìka kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀meje. Ó gbé àgádágodo kékeré kan tí wọ́n ti fi nǹkan dúdú kùn, ó ká ọrùn ọwọ́ bébà náà bọ inú rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ pé kó sọ, ó tì í. Ó dún kẹ́.

Ẹni náà ò yọ̀ o. Ṣe ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ṣí fèrèsé, ó sì kí aládùúgbò tó ń kọjá.

*

Ọsibítù ní kò sí nǹkan kan. Dókítà ní kó tẹ̀, kó fà, kó ju bọ́ọ̀lù. Ó tẹ̀, ó fà, ó jù ú. Dókítà ní kó lọ sinmi. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Pẹ́ńsù gba ẹ̀yìn téṣàn lọ sọ́dọ̀ Baba Oníbàtà.

Baba yìí ló ń tún bàtà gbogbo ọlọ́pàá ṣe. Bàtà ni wọ́n ń gbé wá lójú gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n ń gbé lọ nínú bàtà, ẹnu ò gbà á sọ. Ó wo ọwọ́ náà, ó fi nǹkan kan tó ń rùn pa á látòkè délẹ̀, ó ní kí Pẹ́ńsù gbé e sóòrùn. Kò pẹ́ tí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ fi jáde yí ìka kọ̀ọ̀kan ká, méje méje. Ní ọrùn ọwọ́, àmì kan yọ tó tẹ̀ kọdọrọ bí irin àgádágodo.

"Wọ́n ti dì ọ́," ni Baba wí. "Wọ́n sì ti tì ọ́ pa."

"Ta ni, Baba?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé bàtà ni mo máa máa rán? Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Gbogbo yín lẹ mọ òwe yẹn. Ẹ̀yìnkùlé nìkan lẹ máa ń lọ wò."

Ó na ọwọ́ sábẹ́ àpótí rẹ̀, ó mú ẹ̀tù dúdú díẹ̀ tí wọ́n pọ́n sínú awọ. "Pò ó mọ́ ọ̀dà ẹ. Ojú tó o bá fi parí ló máa mú. Ọwọ́ tó tì ọ́ yẹn máa ká kò, kò ní lè di nǹkan kan mú mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o. Mi ò ní òmíràn, mi ò sì mọ ẹ̀rọ̀ ẹ̀."

"Tí mo bá wá ṣi ẹni yà ńkọ́?"

"Ẹni tó o yà ló máa mú. Oògùn ò mọ àṣìṣe."

"Baba, ọwọ́ mi ló kú. Èwo ni mo fẹ́ fi yà á?"

Baba mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó padà sídìí bàtà. "Ọwọ́ mélòó ni ìyá ẹ bí mọ́ ẹ?"

*

Ẹ̀gbọ́n wá lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, irú èyí tó máa ń rà fún Pẹ́ńsù nígbà tó ṣì wà níléèwé. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gba ọwọ́ ọ̀tún náà sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń ra á títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. Pẹ́ńsù ronú pé tí gbogbo ayé bá kọ òun, ọkùnrin yìí ò ní kọ òun.

"Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìwọ lọ̀tún, Àbúrò. Èmi lòsì. Ta lo rò pé ó ṣe ẹ́?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ rò?"

"Ẹni tó ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín ni kó o wò. Ṣé ọ̀gá ẹ onítábìlì yẹn ò gba àmì ọwọ́ ẹ lọ ni?" Ó dìde, ó wo pátákó tí wọ́n faṣọ bò. "Ìmọ̀ràn kan rèé. Fi èyí sílẹ̀. Ẹnu tí obìnrin yẹn ò rójú sọ kó tó dákẹ́, kí ló kàn ẹ́ nínú ẹ̀? Mọ́kànlélógún ti tó."

"Mo ṣèlérí fún ọmọ ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni."

Ó gbá a mọ́ra, ó lọ. Ìyàwó Pẹ́ńsù dá búrẹ́dì sí méjì, wọ́n jẹ ẹ́, ó sì ti dá Pẹ́ńsù lójú pé Ọ̀gá Tábìlì ni. Ó rántí ẹ̀rín rẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ eku. Ó fọwọ́ kan awọ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà lápò.

*

Nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, ẹni náà gbé àgádágodo jáde láti wò ó. Ó gbóná bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Òwú tó wà lára ìka bébà ti ń tú ní ibì kan. Ó tún un dì, ó tún un dì, ọwọ́ ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó fi í ra ṣòkòtò. Yíyún náà ò lọ.

*

Ọ̀sán Ẹtì ni Pẹ́ńsù po ẹ̀tù mọ́ ọ̀dà dúdú. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti irun tó jóná. Ó fi píìnì há bébà funfun mọ́ ògiri, èyí tó fẹ́ ya Ọ̀gá Tábìlì sí, ó sì fi ọwọ́ òsì mú búrọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ òsì ò sọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ tí kò kọ lẹ́tà kan rí ni, ó ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, Baba ti wí. Kò gbọdọ̀ ba bébà yẹn jẹ́. Ó ronú pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ fi ọwọ́ náà dánra wò níbi tí kò ti sí ewu. Ibo ni kò ti sí ewu ju pátákó tó ti gbà pé òun ò lè parí mọ́ lọ? Ó ká aṣọ kúrò lójú ìkejìlélógún. Ìlà kan péré ló fẹ́ fà.

Ó fa ìlà kan, ọwọ́ ò gbọ̀n mọ́. Ó fa èkejì. Ó ya ètè òkè, ó ya ti ìsàlẹ̀, ó sì ní kí òun dúró, ọwọ́ ò dúró. Òtútù kankan ò sí nínú rẹ̀, ṣe ló ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó mọ̀nà ilé. Ó fi àpá kékeré kan sí igun ẹnu, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àgbọ̀n, ó yí i po, ó parí. Nígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ife tíì.

"Ẹ̀gbọ́n náà wà nínú wọn?" ló bi í. "Kí ló mú ẹ ya Ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò ya Ẹ̀gbọ́n."

Obìnrin náà na ìka sí pátákó. Ó rọra gbé ife kalẹ̀. Pẹ́ńsù fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri, ó sì wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Àpá igun ẹnu Ẹ̀gbọ́n yẹn, òun ló dá a sí i. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Pẹ́ńsù nígbà tó fa ìkòkò omi gbígbóná lulẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n fi ara bò ó. Ojú tó ti rí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń ya ojú ọ̀daràn yìí, kò sì ronú kan ilé baba rẹ̀ rí.

Orí ọlọ́pàá tó ti fi sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó dùn ún bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnu tí obìnrin yẹn ò rójú sọ kó tó dákẹ́. Ta ló sọ ìyẹn fún Ẹ̀gbọ́n? Inú fáìlì nìkan ló wà, Pẹ́ńsù ò sọ ọ́ nílé rí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti lọ bẹnì kan ní téṣàn kó bá òun wò ó. Mọ́tò funfun tí Ẹ̀gbọ́n fi ń kọ́ni, ọdún yẹn náà ló kùn ún ní àwọ̀ ewé. Àti ìbùkún yẹn, lọ, má jẹ́ kí ẹ̀bùn ẹ kú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dùn ún débi pé kò lè sunkún.

Ìyàwó rẹ̀ ló rí awo ọ̀dà. "Ọkọ mi, èwo lo fi yà á? Ṣé kì í ṣe ti Baba?" Pẹ́ńsù ò rántí pààrọ̀ ọ̀dà.

Fóònù dún. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ni. Ó ní kí wọ́n ṣàdúrà, pé Tísà ń kọ́ni lọ́wọ́ ní títì tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi ká kò lórí ìdarí mọ́tò, pé kò ṣí mọ́.

*

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kún lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá Tábìlì wá, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi yangàn káàkiri pé àga òun àti ti ayàwòrán yìí ló kọjú síra, Pẹ́ńsù ò sì lè wo ojú rẹ̀ fún ìtìjú. Ọmọ aránṣọ náà wá. Òun náà ti di aránṣọ, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró níwájú ìkejìlélógún, kò sún.

Ẹ̀gbọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé, ọwọ́ ọ̀tún lápò. Pẹ́ńsù mú un wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí gbọ̀ngàn lápá kan, ó ṣí sí ìta lápá kejì.

Ẹ̀gbọ́n fi òsì mú àgádágodo jáde. Ọwọ́ búlúù wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti rún.

"Mo fẹ́ ṣí i," ló wí. "Ọwọ́ kan ò lè dì í mú kó tún yí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní àyàfi èmi tí mo tì í àtìwọ tí mo tì pa, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bá mi dì í mú, Àbúrò. Òsì tèmi, òsì tìẹ."

"Ẹ̀yin lẹ gbá a?"

"Ó já lu ọ̀nà lójijì ni. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ó ti kú tán. Àwọn ọmọ mi kéré nígbà yẹn."

"Nígbà tẹ́ ẹ ní kí n fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀." Pẹ́ńsù sún mọ́ ọn. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ní kí n lọ. Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé torí ẹ̀bùn mi ni?"

Ẹ̀gbọ́n wo àwọn ìwé ìròyìn. "Níwọ̀n ìgbà tó o bá ṣì wà níbẹ̀, dúrọ́ọ̀ tí fáìlì obìnrin yẹn wà nínú ẹ̀ ò lè tì."

Pẹ́ńsù rò pé ọwọ́ tí wọ́n tì pa ló dun òun jù. Kì í ṣe ọwọ́. Ohun rere kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ṣe fún un láyé, tó fi ń yangàn, tó sunkún lé lórí, ìyẹn náà ni wọ́n ti jí gbé báyìí, ó sì dà bíi pé wọn ò fún un rí.

"Kọ́kọ́ gbé àwòrán yẹn sọ̀ kalẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ká wá jọ ṣí i. Wàá máa yàwòrán ẹ lọ."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a. Òun ló dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu yín, màá sì dì í mú fún yín títí á fi ṣí."

Ẹ̀gbọ́n wo inú gbọ̀ngàn, ó wo obìnrin tó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí síta. Lẹ́yìn náà, ó fi àgádágodo padà sápò, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn ìta, ó sì jáde.

Pẹ́ńsù padà sí gbọ̀ngàn. Láti ojú fèrèsé, ó rí i tó dúró ti mọ́tò aláwọ̀ ewé, tó ń wẹ̀yìn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Tí òun bá dákẹ́ lónìí, á padà wá. Tó bá dọ̀la, tó bá dọ̀túnla, á fi òsì kan ilẹ̀kùn, wọ́n á jọ ṣí kíní náà, ọwọ́ á sì jí.

"Ẹ ti parí ẹ̀," ni ọmọ aránṣọ wí.

"Mo ti parí ẹ̀."

"Ojú ẹ̀ ò burú tó bí mo ṣe rò." Ó yíjú sí i. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Pẹ́ńsù wo ìta lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ohun kan dún kẹ́ nínú ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, bíi pé wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́ láti tì í lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin náà ò gbọ́ ọ. Ó ti ń wá bírò nínú báàgì rẹ̀, ó ní kó bá òun kọ orúkọ Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ níwájú adájọ́. Pẹ́ńsù tọrọ gáfárà pé òsì lòun fẹ́ fi gbà á. Ó tẹ́ bébà lé etí fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ ní kíkọ, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà bíi ti ọmọ iléèwé.